Àmín Tí Dámisí Ṣe

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí àwọn èèyàn bá jókòó tì yín, tí wọ́n ń fi èdè tí wọ́n rò pé ẹ kò gbọ́ sọ̀rọ̀ yín, tó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà dùn létí yín, ṣé ẹ ó là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé ẹ ń gbọ́? Ẹ má yára dáhùn. Dámisí náà rò pé òun máa sọ fún wọn tó bá yá.

Ọmọ ogún ọdún ni lọ́dún 2004 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìlú Bìní ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló dàgbà sí. Màmá rẹ̀, ará Ọ̀wọ̀, ń ta àǹkárá àti lééṣì ní Oba Market. Yorùbá ni màmá máa ń bá a sọ láti àárọ̀ di alẹ́, Píjìn ni Dámisí sì máa fi ń dá a lóhùn.

Kì í ṣe pé kò gbọ́. Ó gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n mú un lọ sí Ọ̀wọ̀ ní Kérésì. Ó fẹ́ sọ pé ọkọ àǹtí òun ti dé, ohùn rẹ̀ yẹ̀, ló bá sọ pé ọkọ́ àǹtí òun ti dé. Àwọn ọmọ ilé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ikùn mú. Ìyàwó Ọkọ́ ni wọ́n pe àǹtí yẹn títí ọdún fi parí. Láti ìgbà náà ni Dámisí ti pa ẹnu rẹ̀ dé sí Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tó máa ń sọ. Aládùúrà ni màmá rẹ̀. Bó bá ta aṣọ, á gbàdúrà fún oníbàárà. Bí oníbàárà náà ò bá rà, á gbàdúrà fún un bákan náà. Bí Dámisí bá wá fi àmín falẹ̀, màmá á yíjú sí i, á ní, "Ṣé àdúrà yẹn ò kàn ẹ́ ni?" Bí àmín ṣe di ohun tó ń jáde lẹ́nu ọmọ náà bí èémí nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, ó ku Dámisí nìkan ní ṣọ́ọ̀bù. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì méjì wọlé. Obìnrin ibẹ̀ ń jẹ́ Fọláyẹmí, ọmọ Adó-Èkìtì. Ọkùnrin ibẹ̀ ga, ó tín-ín-rín, ó ń tijú. Akínfẹ́mi lorúkọ rẹ̀.

Fọláyẹmí ná aṣọ títí, Dámisí ò gbà. Ló bá yíjú sí Fẹ́mi, ó fi Yorùbá sọ pé, "Wo bó ṣe ká ẹnu jọ. Ọ̀dájú ni ọmọ yìí."

"Ẹ̀rín ẹ̀ nìkan tó owó aṣọ yẹn," ni Fẹ́mi fi dá a lóhùn. "Sanwó jàre, ká lè tún rí ìdí padà wá."

Dámisí dorí kodò, ó ń ká aṣọ. Etí rẹ̀ gbóná.

Nígbà tí Fẹ́mi wá bi í ní orúkọ, Gẹ̀ẹ́sì ló fi bi í, Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún ò sì já geere lẹ́nu rẹ̀. Dámisí dárúkọ. Ẹnu ya Fẹ́mi. "Olúwadámisí? Are you Yoruba?"

Ibí yìí ni ì bá ti sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sọ pé òun gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yẹn máa di ìtìjú fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó sì tún wù ú láti gbọ́ irú rẹ̀ sí i.

"My papa na Yoruba," ló wí, kò mẹ́nu ba màmá rẹ̀. "But I no dey hear am."

Bó ṣe di ará ìdí lúdò wọn nìyẹn.

Ilé kan ní ẹ̀yìn Sapele Road ni wọ́n ti ń ta á. Fẹ́mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ayọ̀dèjì jọ háyà yàrá kan níbẹ̀, Fọláyẹmí sì ń gbé yàrá kan lẹ́yìnkùlé. Lọ́sàn-án gbogbo Sátidé, wọ́n á gbé bẹ́ǹṣì àti pátákó lúdò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Ẹni méjì méjì ni wọ́n ń pín ara wọn sí. Dèjì àti Fọláyẹmí á wà níhà kan, Fẹ́mi àti Dámisí á wà níhà kejì, wọ́n á kọjú síra wọn.

Agolo mílíìkì tí wọ́n ti bó bébà ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń mi dáìsì. Wọ́n ní òfin kan tí n kò tíì rí níbòmíràn. Kí èèyàn tó da dáìsì sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ na agolo náà sí ẹnìkejì rẹ̀, kí ìyẹn fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ fún oríire. Wọ́n á na agolo, wọ́n á ní, "Fẹ́ ẹ."

Dèjì kì í rí ọ̀rọ̀ kó má fi ṣeré. Sátidé àkọ́kọ́ tí Fẹ́mi na agolo sí Dámisí, Dèjì gbé orí sókè.

"Kí lo ní kó fẹ́?" ló bi í ní Yorùbá. "Agolo ni àbí ìwọ? Ṣàlàyé kó yé wa."

"Kó kọ́kọ́ fẹ́ agolo ná," ni Fẹ́mi wí, kò gbójú kúrò lójú Dámisí. "Bó bá fẹ́ agolo tán, kó wá fẹ́ Fẹ́mi."

Fọláyẹmí rẹ́rìn-ín títí ó fi da ọmọ lúdò mẹ́ta nù. Dámisí ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí àlejò. "Wetin dey funny?" ló bi wọ́n.

"Nothing, my sister," ni Dèjì wí. "Blow."

Ó fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ó dùn. Dèjì á sọ fún Fọláyẹmí lójú Dámisí pé, "Jẹ́ kí ọmọ wọn yẹn kọjá, màá pa á lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn." Dámisí á fi ọmọ náà sílẹ̀ síbi tó wà, á gbé òmíràn. Gbogbo Sátidé ni òun àti Fẹ́mi ń jẹ.

"Ọmọ yìí ní nǹkan tó ń lò," ni Dèjì ń sọ.

"Ọpọlọ ló ń lò," ni Fẹ́mi ń dá a lóhùn. "O ò lè mọ̀ ọ́n, o ò ní irú ẹ̀."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe lúdò ló ń gbé Dámisí wá. Bí Fẹ́mi bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì bá a sọ̀rọ̀, bí ọmọ tó dúró níwájú ọ̀gá ilé ìwé ló ń rí. Òjò rọ̀ lánàá, ìdánwò ń bọ̀, ó tán. Tó bá wá di Yorùbá, á di ẹlòmíràn. Á máa mi agolo, á wo ojú Dámisí, á rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ síìsì, á ní, "Dámisí, bí mo bá jí láàárọ̀, ìwọ ni mo kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Oba Market tí o wà ló jìnnà tí o kì í fi í gbọ́."

"Ẹnu ẹ ti ń rùn," ni Dèjì á wí. "Da dáìsì sílẹ̀."

Ọmọbìnrin wo ni á fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti irú ìlẹ̀kùn bẹ́ẹ̀? Ilé ni Dámisí ń kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn lọ, á máa tún wọn gbọ́ bó ṣe ń fọ abọ́.

Nígbà tó yá, Fẹ́mi ní òun máa kọ́ ọ ní Yorùbá. Á na ọwọ́ sí omi, á ní, "Omi." Dámisí á mọ̀ọ́mọ̀ ká ẹnu kò, á sọ ọ́ bí òyìnbó. Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ohun tó pa á lẹ́kún ní Ọ̀wọ̀ ti di eré.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Fẹ́mi sìn ín dé etí Sapele Road, wọ́n ń dúró de ọkọ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ sọ pé ohun kan ni òun fẹ́ tọrọ. Ọjọ́ tí Dámisí bá gbọ́ Yorùbá tán, òun ni kó kọ́kọ́ bá sọ ọ́, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ láyé. Kó má jẹ́ kíkí lásán. Kó jẹ́ gbólóhùn kan tó pé, tó ti inú ara rẹ̀ jáde.

Dámisí ní òun ṣèlérí. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ bí àwọn tó ra ilẹ̀.

Ẹ ò rí i pé ó ṣì lè sọ ọ́ níbẹ̀ yẹn. Ọkọ̀ dé, ó wọ̀ ọ́, ó lọ.

Sátidé tó burú náà dé. Fọláyẹmí ti lọ ra ẹ̀pà àti gúgúrú lójú títì, ó ku àwọn mẹ́ta nídìí lúdò. Ó kan Fẹ́mi láti da dáìsì. Ó gbé agolo dání, kò mì í.

"Dèjì, mo fẹ́ sọ fún un," ló wí ní Yorùbá.

"Kí lo fẹ́ sọ?"

"Ọ̀rọ̀ ara mi."

Dèjì gbé ojú kúrò lórí pátákó. "Wárápá yẹn? Ṣé o fẹ́ kó sá ni? Jẹ́ kó fẹ́ràn ẹ tán ná."

"Ó ti pẹ́ tó ti gbé mi kẹ́yìn. Oògùn yẹn ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí ó bá máa mọ̀, ẹnu mi ni mo fẹ́ kó ti gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí mo bá ṣubú lulẹ̀ níwájú ẹ̀ ló máa mọ̀. Dúró, jẹ́ kí n fi dánra wò."

Ó wá yíjú sí Dámisí. Ó rẹ́rìn-ín sí i bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ń wá síìsì.

"Dámisí, wárápá ń ṣe mí. Láti kékeré ni. Mò ń lo oògùn láràárọ̀. Tí o bá ní o ò lè bá mi lọ, mi ò ní bínú sí ẹ. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni." Ó na agolo sí i. "Fẹ́ ẹ."

Dámisí rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí Dèjì. "Wetin him talk?"

"He is begging God for six," ni Dèjì wí. Ó rọra wo ilẹ̀.

Dámisí tẹ̀ síwájú, ó gbé ẹnu sí agolo náà. Èémí ò jáde. Ó pa ètè mọ́ra, ó wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó fẹ́ ẹ, ó sì gbé orí kúrò. Fẹ́mi da dáìsì. Síìsì ni.

Ẹ ò bá rí bí inú ọmọkùnrin yẹn ṣe dùn. Àfi bí ẹni tí wọ́n ti dárí ohun gbogbo jì.

"Sátidé tó ń bọ̀," ló sọ fún Dèjì, "màá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì."

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni Dámisí ì bá fi dúró.

Ó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wà ní pírámárì, ọmọ kíláàsì wọn kan ṣubú lójú ọ̀nà, ó ń yọ ìfófòó lẹ́nu, tíṣà sì kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ ọn, pé ó ń ràn. Dámisí wà lára àwọn tó sá. Ní alẹ́ Sátidé yẹn, ó fi omi iyọ̀ fọ ẹnu. Ó tún un fọ̀. Agolo kan náà ni wọ́n ti jọ ń fẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Láàárín ọ̀sẹ̀, Fọláyẹmí yà sí ṣọ́ọ̀bù wọn láti wo aṣọ. Dámisí fa bàtà rẹ̀ nílẹ̀ títí, ó fi Píjìn bi í lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá òótọ́ ni pé èémí máa ń kó wárápá ranni.

"Ta ló ní wárápá?" ni Fọláyẹmí bi í padà ní Píjìn.

Dámisí ní kò sẹ́ni kankan.

Fọláyẹmí gbé aṣọ sílẹ̀, ó jókòó. "O ò lè ṣàdédé béèrè. Ta ni? Ẹni tí mo mọ̀ ni?"

Ó bi í, ó tún un bi, títí Dámisí fi dárúkọ Fẹ́mi.

"Fẹ́mi wa yìí? Ta ló sọ fún ẹ?"

Kí ló fẹ́ wí? Tó bá ní Fẹ́mi fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, Fọláyẹmí á bi Fẹ́mi, Fẹ́mi á sì béèrè pé èdè wo ni òun fi sọ ọ́. Ẹni tó kù níbẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ.

"Na Deji tell me," ni Dámisí wí. "Abeg, no tell anybody."

Fọláyẹmí kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ̀rọ omi kan náà ni òun àti Fẹ́mi ń lò, ilé ìdáná kan náà. Ìyá onílé nìkan ló sọ fún. Ìyá onílé ló sọ fún àwọn yòókù.

Kó tó di Sátidé, ilé ti yí padà. Aṣọ Fẹ́mi nìkan ló kù lórí okùn. Gbogbo ayálégbé ti lọ sá tiwọn sórí ọgbà. Ìyá onílé so aṣọ pupa mọ́ etí bọ́kẹ́ẹ̀tì Fẹ́mi kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í gbé. Tó bá ti ń lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n á ní kó ní sùúrù kí àwọn pọn tiwọn tán. Àwọn ọmọdé tó máa ń gun ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ìyá wọn ń pè wọ́n wọlé. Ìyá onílé wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò wọlé, ó sọ fún un pé òun ò lé e o, ṣùgbọ́n tí oṣù yìí bá ti parí, òun fẹ́ kun yàrá náà lọ́dà.

Fẹ́mi kọjú sí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá.

"Ìwọ nìkan lo mọ̀, Dèjì."

"Fẹ́mi, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Fọláyẹmí ní ẹnu ẹ ló ti jáde."

"Irọ́ ni. Gbé Bíbélì wá, màá búra."

"Má fi Bíbélì ṣeré. Ṣé ògiri ló gbọ́ ọ, tó wá lọ sọ fún ìyá onílé?"

Ẹ gbọ́ o. Dèjì yìí ló máa ń yí Fẹ́mi sí ẹ̀gbẹ́ nígbàkígbà tí àìsàn náà bá gbé e, tí á nu ẹnu rẹ̀, tí á sì fọ ìdọ̀tí ibẹ̀ kó tó jí. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Láti ọjọ́ náà, Fẹ́mi ò bá a jẹun mọ́, kò kí i mọ́. Dèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn tó máa sùn.

Nígbà tí Dámisí dé ní Sátidé, Fẹ́mi nìkan ló bá lọ́dẹ̀dẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó ti ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní òun ti fẹ́ kó gbọ́ ọ láti ẹnu òun. Ó ní Dèjì ti ta òun.

Dámisí mọ ẹni tó tà á. Ó di ọwọ́ Fẹ́mi mú.

"Deji no try at all," ló wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ọmọ tí wọ́n ń fi àdúrà jí láràárọ̀ ló sọ ọ́.

Fẹ́mi gbé orí lé e léjìká, ó ń sunkún. Dámisí ń fi ọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó sì yí imú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí èémí wọn má bàa pàdé.

Ẹni tó ń ronú jinlẹ̀ ni Dèjì. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Mẹ́ta ni wọ́n jókòó nídìí lúdò lọ́jọ́ yẹn: ẹni tó sọ ọ́, òun, àti ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá. Ló bá gba Oba Market lọ bí ẹni tó fẹ́ ra òwú. Màmá Dámisí tà á fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà: kò ní jábọ́ nínú ìdánwò, kò ní fi ọwọ́ òfo padà sílé. Àwọn aládùúgbò ṣọ́ọ̀bù ń ṣe àmín. Lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n fi kọ́, níbi tí Dámisí ti ń to ẹrù tí kò mọ ẹni tó wọlé, ohùn kan ń dáhùn kíákíá ju ti gbogbo wọn lọ. Dèjì gba òwú rẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Sátidé tó tẹ̀lé e ni Dèjì fẹ́ kó jáde nílé náà. Báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́bàá ìlẹ̀kùn.

"Ẹ jẹ́ ká ta ìkẹyìn," ló bẹ̀ wọ́n. "Mi ò ní tọrọ nǹkan míì lọ́wọ́ yín."

Wọ́n jókòó. Kò sẹ́ni tó ń ṣàwàdà. Fẹ́mi ò lo agolo mọ́. Inú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló ti ń mi dáìsì, kó má bàa dá ẹnikẹ́ni láàmú. Dámisí rí i.

Ó kan Dèjì. Ó mi agolo, ojú rẹ̀ wà lórí pátákó, ó ń bá Fọláyẹmí sọ̀rọ̀ lóhùn kan náà tó fi máa ń pète lúdò. "Fọlá, èyí tó wà lókè yẹn ni kí o gbé. Má jẹ́ kí wọ́n jáde. Ojú ìyá tó bí ẹ ò ní sunkún ọmọ. Fáìfù ni mo nílò."

"Àmín," ni Dámisí wí.

Ó jáde gaara, ohùn rẹ̀ pé, bí ọmọ tí wọ́n bí sí àárín Ọ̀wọ̀.

Dèjì gbé agolo sílẹ̀. "Mi ò pe Ọlọ́run," ló wí jẹ́jẹ́. "Mi ò pe Jésù. Kí ló ṣe àmín sí, Fẹ́mi?"

Ó yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀ nínú eré.

"Fọláyẹmí, ìgbà wo ni mo sọ fún ọmọ yìí pé Fẹ́mi ní wárápá? Èdè wo ni mo fi sọ ọ́?"

Fọláyẹmí fi ọwọ́ bo ẹnu. "Dámisí, o ní Dèjì ni. O wo ojú mi, o ní Dèjì ni."

"Femi, make I explain," ni Dámisí bẹ̀rẹ̀.

Fẹ́mi gbé ọwọ́ sókè, ó dá a dúró. "O gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn," ló wí fún un. Yorùbá ni, ojú rẹ̀ ni ó sì ń wò, kò sí ẹ̀rín síìsì níbẹ̀. "Èyí tí mo fi dánra wò. Àti gbogbo èyí tí mo ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹ̀ lo gbọ́."

Dámisí mi orí pé òótọ́ ni. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Fẹ́mi ṣa dáìsì sínú agolo. Ó mì í díẹ̀. Ó na án sí Dámisí bíi ti àtijọ́.

"Fẹ́ ẹ."

Ẹ̀yin èèyàn mi, èémí lásán ni. Bó bá fẹ́ ẹ ni, mo gbà gbọ́ pé ọmọkùnrin yẹn ì bá dárí jì í. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ ẹ. Dámisí fúnra rẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n kó tó mọ ohun tí ara òun ń ṣe, ọrùn rẹ̀ ti fà sẹ́yìn. Kò fà jìnnà. Kò sì sí ẹni tí kò rí i lọ́dẹ̀dẹ̀ náà.

Fẹ́mi rọra gbé agolo lé pátákó.

"O rí i," ló wí fún Dèjì, "Yorùbá kọ́ ni kò gbọ́."

Ó dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì fún Dèjì, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ọdún kan náà. Dèjì gbé e dìde, ó gbọn eruku ara aṣọ rẹ̀ kúrò. Àwọn méjèèjì wọlé lọ palẹ̀ ẹrù Fẹ́mi mọ́. Nígbà tí wọ́n ń kó báàgì kọjá, Fẹ́mi ò wo ibi tí Dámisí wà.

Dèjì ló wò ó. "Ó dàbọ̀ o," ló wí, "ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá."

Ọ̀rọ̀ náà dé etí màmá rẹ̀ ní ọjà. Màmá ò nà án, kò bú u. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n kúnlẹ̀ àdúrà àárọ̀, ó gbàdúrà fún Fẹ́mi ọmọ ẹni ẹlẹ́ni, ó dárúkọ rẹ̀, ó sì dúró de àmín. Dámisí ò lè ṣe é. "Amen" ló fi Gẹ̀ẹ́sì wí, láti ọjọ́ náà sì ni Yorùbá ti dá pátápátá lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan wá bá àwọn obìnrin ìjọ wọn sọ̀rọ̀, ó ní wárápá kì í ràn, pé èémí kì í kó o, itọ́ kì í kó o. Dámisí jókòó lẹ́yìn, ó gbọ́ ọ. Ó ti pẹ́ jù fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, kò tíì pẹ́ fún yín.

Ọmọkùnrin kan láti Àkúrẹ́ fẹ́ ẹ sọ́nà. Ìyá ọmọkùnrin náà wá wò ó, ó kí i, Dámisí fi Píjìn dáhùn. Ìyá náà ní òun ò lè gba ìyàwó tí kò ní lè kí òun. Màmá rẹ̀ sunkún pé agídí ló ń ṣe é. Agídí kọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú gbogbo ohun tó wà láàárín òun àti Fẹ́mi: ìlérí tó ṣe pé Fẹ́mi ni òun máa kọ́kọ́ bá sọ Yorùbá. Àmín yẹn ò kà lójú rẹ̀, Dèjì ló ṣe é fún. Ó ń pa ẹnu mọ́, ó ń to gbólóhùn kan pọ̀ nínú.

Lọ́dún 2012, ó lọ ra iṣu ní ọjà Ekiosa. Ó gbọ́ ohùn kan tó ń ná iṣu, tó wá yíjú sí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó ní, "Èyí ò dáa, ìdí ẹ̀ ti rà. Jẹ́ ká wo ti ìyá yẹn." Ẹsẹ̀ Dámisí ò gbéra mọ́.

Fẹ́mi ni. Ó ti sanra díẹ̀. Obìnrin náà pọn ọmọ sẹ́yìn.

Dámisí sún mọ́ wọn. "Fẹ́mi."

Ó yíjú. Ó dá a mọ̀. Ó hàn lójú rẹ̀, ó sì tún lọ kúrò lójú rẹ̀.

"Mo ṣèlérí fún ẹ," ni Dámisí bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, "pé ìwọ ni màá kọ́kọ́—"

"Sister," ni Fẹ́mi dá a lóhùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá àlejò sọ̀rọ̀. "I no dey hear Yoruba."

Ìyàwó rẹ̀ yíjú wò ó. Ó wo Dámisí náà. Ó tún ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ. Fẹ́mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń lọ láàárín àwọn oníṣu.

Dámisí ò sunkún, kò sì tẹ̀lé wọn. Gbólóhùn kan tó pé ni wọ́n jọ sọ, tó ti inú ara rẹ̀ jáde. Ó dúró síbi tó wà, ó sì sọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọkùnrin náà ketekete, ohùn rẹ̀ ò yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kankan:

"Ó yẹ kí n ti fẹ́ ẹ, Fẹ́mi."